Ohùn Màmá Àsàkẹ́

"Ẹ wá jẹun o!"

Ẹ̀yìnkùlé ni Ìbídùn wà, ó ń fọ abọ́, nígbà tó gbọ́ ọ. Ó ju kànrìnkàn nù. Ó sáré wọ pálọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó fa ìrọ̀rí kan lórí àga, ó sì fi dí Gbọ́hùn, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ àṣẹ ilé, lẹ́nu mọ́ ara ògiri. Ó ti pẹ́ jù. Gbọ́hùn ti gbọ́ tiẹ̀. Ní kíṣìnnì, sítóòfù ti tan fúnra ẹ̀, ẹ̀wà tí Ìbídùn fẹ́ kí wọ́n jẹ ní tútù lọ́sàn-án ti ń gbóná lórí iná, àpótí oúnjẹ sì ti ṣílẹ̀ gbayawu, bẹ́ẹ̀ ó ti tì í láàárọ̀ pé òun ò ní ṣí i títí di ìrọ̀lẹ́.

"Màmá!"

"Kí ló dé tí ò ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé?" Màmá Àsàkẹ́, ìyá ọkọ ẹ̀, jókòó sẹ́nu fèrèsé níbi tó máa ń jókòó sí, ẹ̀kọ kan àti omi ọbẹ̀ wà níwájú ẹ̀. "Ìyá Sàúdátù ló ń kọjá. Ṣé kí n máa dá nìkan jẹun kí n máa wò ó ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ ṣeun."

"Kí ni ìrọ̀rí yẹn ń ṣe lára ògiri?"

"Eruku ni mo ń nù."

Irọ́ yẹn ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá Sàúdátù ti ṣẹ́rí padà lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀: tí èèyàn bá bá yín lórí oúnjẹ, ẹ ó ní kó wá jẹun, á ní òun ti yó, á ní kó gba ibi ire, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹ ò ní i lọ́kàn pé kó jókòó, òun náà ò ní i lọ́kàn láti jókòó, inú gbogbo yín á sì dùn. Ọ̀wọ́n Ńlá dé, ó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń yó mọ́. Tí ẹ bá ní kí èèyàn wá jẹun nísinsìnyí, á bọ́ bàtà ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Sàúdátù bọ́ bàtà ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó jẹ ẹ̀wà, ó mu omi, ó ṣàdúrà fún Màmá pé wọn ò ní fi ìyà jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ogbó, ó tún bu díẹ̀ sínú ọ̀rá fún Sàúdátù tó wà nílé. Màmá ń rẹ́rìn-ín, ó ń bi í léèrè orúnkún tó ń dùn ún. Ìbídùn dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ojú Gbọ́hùn ló ń wò. Àwọ̀ ewé ni ojú náà wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ó wá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, títí ó fi pọ́n kankan.

Nígbà tí àlejò lọ tán, tí Ìbídùn wọ kíṣìnnì láti kó abọ́, Gbọ́hùn bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti inú ẹnu kékeré tó ní lókè sítóòfù. Kì í bá Màmá wíjọ́. Màmá ni Olóhùn, a kì í sì í bá Olóhùn jiyàn. Bí àwọn Ilé Ìwọ̀n, àwọn tó ń díwọ̀n omi àti iná àti oúnjẹ ilé kọ̀ọ̀kan, ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹni tó ń dáná ló máa ń kó ẹjọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, olùdáná," ni ó wí. "Ilé yìí ti kọjá ìwọ̀n ẹ̀ nígbà kẹta. Aṣojú wa ń bọ̀ lọ́la. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wà nílé."

"Ìwọ lo tan iná, ìwọ náà lo tún ń kí mi kú iṣẹ́," ni Ìbídùn sọ fún un. "Ojú ò tì ẹ́."

"Ẹ ṣeun," ni Gbọ́hùn dáhùn.

Kí ẹ má baà rò pé onínàákúnàá ni Ìbídùn, ẹ jẹ́ kí n sọ irú obìnrin tó jẹ́ fún yín. Tó bá fẹ́ se ẹ̀wà, á ti rẹ ẹ́ sómi láti ọjọ́ tó ṣáájú. Tó bá gbé e kaná, kì í jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Á gbé e sọ̀ kalẹ̀, á fi aṣọ òtútù àtijọ́ wé ìkòkò náà mọ́lẹ̀ ní igun ilé, ẹ̀wà á sì máa fi ooru ara ẹ̀ jinná lọ. Èkuru ló ń ṣe dípò mọ́ínmọ́ín, torí èkuru ò béèrè epo. Omi tó fi ṣan ìrẹsì ló fi ń fọ abọ́, omi abọ́ yẹn náà ló ń dà sídìí ilá tó gbìn sínú kẹ́ẹ̀gì. Okùn ló fi ń gé ọṣẹ, ìyẹn tó bá sì ṣẹ́kù pẹ́lẹ́ńbẹ́, á jù ú sínú ìbọ̀sẹ̀ Gbémiga, ọkọ ẹ̀, tó ti já, á máa fi ìbọ̀sẹ̀ yẹn fọṣọ títí kò fi ní rí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́. Ó ti ta fíríìjì. Ó ti ta tẹlifíṣọ̀n. Tó bá fẹ́ rán aṣọ, abẹ́ iná òpópónà ló máa ń gbé àga lọ. Àwọn obìnrin àdúgbò Ìdí-Ìrókò máa ń wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyàwó Oyèníran, báwo lo ṣe ṣe tìyẹn?" Á sì kọ́ wọn láìgba nǹkan kan.

Gbogbo ẹ̀ ló ń wọ inú ẹnu Màmá lọ. Kì í ṣe pé Màmá ń jẹ ẹ́ o. Ó ń fi pe èèyàn ni.

Ẹ̀bi ta ni? Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ilé gba Gbọ́hùn, kí omi àti iná àti oúnjẹ má baà tán ní ìlú, oníṣẹ́ tó wá kan án mọ́ ògiri béèrè pé ta ni Olóhùn ilé. Ohùn ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ilé lè ṣílẹ̀kùn, ó lè pe omi, ó lè tan iná, níwọ̀n tí ìwọ̀n bá fi mọ. Ohùn Olóhùn nìkan ló lè kọjá ìwọ̀n, Gbọ́hùn ò sì ní bi í ní ìdí. Wọ́n ní láwọn ìlú ńlá, ẹni tó ń ra nǹkan sílé ni wọ́n fi ṣe Olóhùn. Ó dára fún wọn. Ní Ìkìrun níbí, ta ló fẹ́ dúró níwájú ìyá ẹ̀ kó ní òun ni ohùn ilé? Gbémiga ti nawọ́ sí Màmá kí oníṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ délẹ̀. Gbogbo òpópónà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nílé kejì sí wọn, bàbá tí kò gbọ́ràn mọ́ ni wọ́n fi ṣe Olóhùn. Á pe omi, kò ní gbọ́ pé omi ń dà, á tún un pè.

Ẹ ó ní kí ló wá dé tí Ìbídùn ò sọ fún Màmá. Ẹ̀yin tí ẹ bá láya, ẹ bá a sọ ọ́. Ẹnu wo ni ìyàwó ilé fẹ́ fi sọ fún ìyá ọkọ ẹ̀ pé kó má pe èèyàn wá jẹun mọ́, nínú ilé tí ìyá náà fi orí ara ẹ̀ ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì ẹ̀? Ó ń fi ìrọ̀rí dí Gbọ́hùn lẹ́nu ni. Ó ń tètè gbé oúnjẹ Màmá fún un nígbà tí òpópónà bá dá. Ó tilẹ̀ gbìyànjú láti gbé àga Màmá kúrò lẹ́nu fèrèsé, ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò dáa. Màmá gbé àga ẹ̀ padà síbẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló dáa jù.

Tìámíyù ni orúkọ aṣojú tó wá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọmọ Ìkìrun, aṣọ Ilé Ìwọ̀n tó wọ̀ ti ṣá léjìká. Kó tó wọ pálọ̀ tán, ó ti dọ̀bálẹ̀ fún Màmá.

"Ẹ kú ilé, Màmá."

"Wàá dàgbà, wàá dogbó. Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Bàbá Músá télọ̀ ni mí, Màmá. Ẹ̀yìn mọ́sáláṣí."

"Háà! Músá tó rán agbádá ìgbéyàwó fún ọkọ mi! Jókòó, ọmọ mi, jókòó. Wá jẹun."

Sítóòfù tan. Ìbídùn dijú. Tìámíyù náà gbọ́ bó ṣe tan. Ó wo Ìbídùn, ó wolẹ̀.

"Mo ti yó, Màmá," ó wí. Bóyá òun nìkan ló ṣì ń sọ ọ́ ní gbogbo Ìkìrun. Ikùn ẹ̀ kùn bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́.

Ìbídùn mú un lọ sẹ́yìnkùlé, sídìí ilá, níbi tí Màmá ò ti ní gbọ́ wọn.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi," ni Tìámíyù bẹ̀rẹ̀. "Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́."

"Ọ̀gá, ẹ bá mi dín agbára ohùn wọn kù. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe bíi tèmi. Tí ìwọ̀n bá ti tán, kó dúró."

"Ó ti kúrò níbẹ̀ yẹn. A máa ń dín in kù tẹ́lẹ̀. Tí a bá ti pẹ̀yìn dà, àwọn ọmọ Olóhùn á tún gbé e padà, wọ́n á ní ojú ń ti àwọn. Òfin tuntun ti dé. Ohùn tó bá ti kọjá ìwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, pípa ló kù. Gbọ́hùn ò ní gbọ́ wọn mọ́. Kò ní gbọ́ wọn torí omi, kò ní gbọ́ wọn torí iná, kò ní gbọ́ wọn torí ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn kẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ó máa bá wọn ṣí i, Àǹtí."

Ìbídùn gbé ọwọ́ lérí. "Tí mi ò bá wá ṣe é ńkọ́?"

"Ilé Àkópọ̀ ni. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ọkọ̀ á wá kó yín."

Kò sẹ́ni tí kò mọ Ilé Àkópọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti dahoro ni, lọ́nà oko, wọ́n ta aṣọ sáàárín kíláàsì, wọ́n kó ìdílé sí ìdí aṣọ kọ̀ọ̀kan, sítóòfù kan náà ni gbogbo wọn ń tò sí. Ìyẹn ò burú fún Ìbídùn. Ó lè gbé ibikíbi, àwọn ọmọ ẹ̀ sì wà níbi tí wọ́n ti ń kàwé ní Iléṣà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé wọn kì í gba àgbà síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn àgbà ń béèrè nǹkan jù. Ibòmíì ni wọ́n ń kó wọn lọ, ibi jíjìn, àwọn nìkan láàárín ara wọn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n mú Bàbá Aláró lọ láti ìsàlẹ̀ òpópónà. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, òkú ẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀.

"Ṣé Màmá fúnra wọn ló máa fọwọ́ sí i?"

"Rárá. Ẹni tó ń dáná ló máa sọ ọ́. Ohùn tiyín la nílò."

"Ẹ fún mi di ọ̀la."

"Ọ̀la, Àǹtí. Mi ò lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó tún gba iwájú kọjá, ó tún dọ̀bálẹ̀ fún Màmá kó tó lọ.

Ìbídùn pe ọkọ ẹ̀ lórí fóònù. Oko oòrùn ni Gbémiga wà, lápá òkè lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ nu iyanrìn kúrò lára dígí tó ń gba iná láti ojú ọ̀run. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń jẹ́ kó wálé.

"Ọkọ mi, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ o." Ó sọ gbogbo ẹ̀.

Atẹ́gùn ń fẹ́ nínú fóònù. "Kí lo wá fẹ́ ṣe?" ni Gbémiga bi í.

"Ẹ̀yin ni mò ń bi. Màmá yín ni."

"Wọn ò gbọ́dọ̀ mú Màmá lọ síbẹ̀ yẹn o."

"Ṣé kí n pa ohùn wọn nìyẹn?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Ìbídùn, ìwọ lo wà nílé. Ṣe é bó bá ṣe dáa lójú ẹ. Ṣáà má jẹ́ kí Màmá mọ̀. Tí wọ́n bá mọ̀, inú wọn á bàjẹ́." Wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ó ní òun á pè padà. Kò pè padà. Àwọn ọkùnrin kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹrù lé èèyàn lórí tí wọ́n á tún máa kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kó ró.

Inú ń bí Ìbídùn débi pé ó pinnu láti sọ fún Màmá fúnra ẹ̀. Ó wọ pálọ̀. Màmá ti gbé àtẹ lé itan, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ó ń kọ orin ìjọ lábẹ́lẹ̀. Ìbídùn jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń bá a ṣa á.

"Kò sí nǹkan, ìyàwó mi? Ojú ẹ rẹ̀."

"Màmá..."

"Hẹn?"

Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Màmá, ẹ ń ba ilé jẹ́? Màmá, ọ̀yàyà yín ti pọ̀ jù? "Kò sí nǹkan, Màmá. Orí ló ń fọ́ mi díẹ̀."

"Lọ dùbúlẹ̀. N ó ṣa èyí tán. O ti ń ṣe wàhálà jù nílé yìí, mo ń rí i." Màmá fọwọ́ kàn án lọ́rùn láti wò ó bóyá ara ẹ̀ gbóná. Ìbídùn dìde kí ó tó sunkún, ó lọ dojú kọ ògiri nínú yàrá.

Nígbà tí Tìámíyù padà wá, Màmá ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan síwájú ẹnu Ìbídùn, ó ní kó máa tẹ̀lé òun.

"Ẹ sọ pé: mo ní kí Gbọ́hùn má gbọ́ ohùn, kí ẹ wá dárúkọ wọn, mọ́ nílé yìí."

"Mo ní kí Gbọ́hùn má gbọ́ ohùn Màmá mọ́ nílé yìí."

Ẹ̀rọ náà dún lọ́nà tó fi hàn pé kò gbà. "Màmá ò tó, Àǹtí. Ìyá pọ̀ ní àdúgbò. Orúkọ wọn gan-an."

Ìbídùn wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ra sílẹ̀ lọ́jà. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ, orúkọ ìyá yìí ò jáde lẹ́nu ẹ̀ rí. Orúkọ àwọn ọmọ ilé tó kéré sí i pàápàá, kò pè é; ó ń pe ọ̀kan ní Adúmáadán, ó ń pe ìkejì ní Ìbàdí-àrán, bí gbogbo ìyàwó tó mọ̀wọ̀n ara ẹ̀. Omi ń dà ní balùwẹ̀. Màmá ń kọ orin níbẹ̀.

"Ṣé kò sọ́nà míì?"

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ tètè."

"Mo ní kí Gbọ́hùn má gbọ́ ohùn... Àsàkẹ́ Oyèníran mọ́ nílé yìí."

Ojú Gbọ́hùn padà sí àwọ̀ ewé. Ó ní ẹ ṣeun. Ní balùwẹ̀, omi dá.

"Ìyàwó mi!" ni Màmá ké. "Omi ti lọ o! Ọṣẹ wà lójú mi!"

Ìbídùn sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó fi ẹnu kan ara ilẹ̀kùn, ó ní "Omi" kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Omi padà wá. "Ó ti dé, Màmá," ó pariwo. Nígbà tó padà síta, Tìámíyù ti lọ. Kò lè dúró kó tún dọ̀bálẹ̀.

Iṣẹ́ míì bẹ̀rẹ̀ fún Ìbídùn lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí Màmá bá lọ nínú ilé, á wà lẹ́yìn ẹ̀. Màmá á ní "Iná," Ìbídùn á fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sín, á ní "Iná" lábẹ́ ọwọ́, iná á tàn. Màmá á ní kí ilẹ̀kùn ṣí, Ìbídùn á ti sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ó mọ bí Màmá ṣe ń mí kó tó sọ̀rọ̀, ó sì ń tètè ṣáájú ẹ̀ díẹ̀. Nígbà míì, Màmá á yíjú padà.

"Ìyàwó mi, ṣé o ò níṣẹ́ ni? Ò ń tọ̀ mí lẹ́yìn kiri ilé."

"Mo fẹ́ràn kí n máa wà lọ́dọ̀ yín ni, Màmá."

"Ẹ gbọ́ ọ o." Inú Màmá sì dùn, ó dùn débi pé Ìbídùn ò lè wo ojú ẹ̀.

Ti oúnjẹ ni Ìbídùn ò bá a sọ. Màmá á pe èèyàn lójú fèrèsé, sítóòfù á tutù kalẹ̀. Ìyá Sàúdátù wá, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó wo kíṣìnnì, Ìbídùn ní oúnjẹ ò tíì jinná, ó tún wọ bàtà ẹ̀ padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí kò fi yà wá mọ́. Ojú ti Màmá. Ó ní Gbọ́hùn ti ń darúgbó bíi tòun, kí Ìbídùn bá wọn sọ ọ́ ní Ilé Ìwọ̀n kí wọ́n wá wò ó.

Ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tòrò. Ká má purọ́, ó tòrò. Gaàrí ń ṣẹ́kù. Ìwọ̀n ń kù sílẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, Ilé Ìwọ̀n sì fi èyí tó kù ra ọjà fún wọn bí òfin ṣe wí. Ìbídùn gbé ẹja tútù wálé, ó sè é pẹ̀lú ilá, Màmá mú orí ẹja, ó fà á mu títí egungun fi funfun.

"Ayé ti ń dẹ̀ díẹ̀, àbí?" ni Màmá wí.

"Ó ń dẹ̀, Màmá."

"Èmi sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ò sùn." Ìbídùn kó abọ́, kò jẹ tiẹ̀ tán.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni gbogbo ẹ̀ tú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn oníbúrẹ́dì tó wà nítòsí ọjà máa ń ta ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì tó jó àti èyí tó fọ́, wọ́n ń tà á ní pọ́ọ́kú kí wọ́n tó kírun. Tí èèyàn ò bá tètè lọ, kò ní bá a. Màmá ń sùn lórí àga. Ìbídùn bu omi mímu sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bu omi ìwẹ̀ sí balùwẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn yàrá àti ti iwájú ilé sílẹ̀, ó rò ó pé kò sí nǹkan tí Màmá tún máa nílò, ó sì sáré lọ.

Èrò pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń tira wọn. Obìnrin kan ṣubú, wọ́n gbé e dìde, wọ́n tún ń tira wọn. Nígbà tí Ìbídùn rí búrẹ́dì gbà tó sì kọjú sílé, oòrùn ti mú ganrínganrín, ó sì ti ń rò ó pé òun á fi ọbẹ̀ àná rẹ búrẹ́dì náà kó lè rọ̀ fún eyín Màmá.

Ó rí i láti òkèèrè. Màmá jókòó sílẹ̀ níwájú ilé, ẹ̀yìn ẹ̀ fara ti ilẹ̀kùn, kò wọ bàtà. Ó ti tú gèlè orí ẹ̀, ó fi bo orí nítorí oòrùn. Ètè ẹ̀ ti gbẹ.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe níta?"

"Alájì ló ń kọjá lọ kí wọn níbi òkú, mo ní kí n jáde kí i. Ilẹ̀kùn tì mọ́ mi sẹ́yìn." Ohùn Màmá ti há, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. "Mo ní kó ṣí. Mo sọ orúkọ mi fún un. Mo sọ orúkọ ọkọ mi tó kọ́ ilé. Nígbà tó yá, mo bẹ̀ ẹ́."

"Ó ti bàjẹ́ ni, Màmá," ni Ìbídùn yára wí. "Ilẹ̀kùn yẹn, láti àárọ̀ ló ti ń..."

Ilẹ̀kùn gbọ́ ohùn ẹ̀. Ó ṣí.

Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ di férémù mú. Kò yíjú wo inú ilé. Ìbídùn ló ń wò.

"Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń fura," ni Màmá wí. "Mo rò pé ohùn mi ló ń rẹ̀ sílẹ̀ ni, pé ọjọ́ orí ni. Orógbó ni mo ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́ kí ohùn mi lè yọ."

Ìbídùn kúnlẹ̀ sórí iyanrìn gbígbóná, búrẹ́dì tú sílẹ̀. Ó sọ gbogbo ẹ̀. Ó sọ ti ìwọ̀n, ó sọ ti ojú pupa, ó sọ ti Ilé Àkópọ̀ àti ibi jíjìn tí wọ́n ń kó àgbà lọ. Ó sọ pé òun ló dárúkọ Màmá sínú ẹ̀rọ. Kò fi ti Gbémiga kún un. Màmá ń gbọ́, ó ń fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ ẹ̀ tí ilẹ̀ ti jó.

"Nítorí 'ẹ wá jẹun' tí mò ń wí?"

"Màmá, ẹ dákun."

"Mo bi ẹ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mo ti ṣìkà fún ẹ rí, ìyàwó mi?"

"Láé, Màmá. Ẹ ò ṣe é rí."

"O ò wá sọ fún mi. Ṣé èmi ò mọ ìyàn ni? Ọdún tí mo bí ọkọ ẹ, a ò rí nǹkan jẹ. Ṣé mo pe èèyàn lọ́dún yẹn? Ò bá sọ fún mi, ìyàwó mi. Ǹ bá dákẹ́ fúnra mi."

"Ẹnu ò gbà mí láti sọ ọ́ fún yín, Màmá."

"Ẹnu ò gbà ẹ́ láti sọ fún mi," ni Màmá wí, "ó wá gbà ẹ́ láti pa mí lẹ́nu mọ́." Kò pariwo. Ó nawọ́ sí Ìbídùn kó fa òun dìde, Ìbídùn fà á dìde, Màmá gbọn iyanrìn kúrò lára ìró ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá ìyàwó ẹ̀ ṣa búrẹ́dì nílẹ̀, ó ń fẹ́ iyanrìn kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn, Màmá ò sọ̀rọ̀ nínú ilé mọ́. Kò bínú o. Ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ó ń bá Ìbídùn ṣa ẹ̀wà, ó ń ká aṣọ, tí Ìbídùn bá fún un lóúnjẹ, á mi orí fún un, á jẹ ẹ́ tán. Tó bá fẹ́ omi, á fa etí ìró Ìbídùn, á nawọ́ sí ibi tí omi wà. Ìbídùn sunkún, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní Màmá, ẹ sọ̀rọ̀, Gbọ́hùn kọ́ ni gbogbo ilé, èmi ń gbọ́ yín. Màmá á fi ọwọ́ nù ún lójú, kò ní dáhùn. Ìta nìkan ló ti ń sọ̀rọ̀. Tí ọwọ́ oòrùn bá ti rọlẹ̀, á gbé àpótí ìjókòó ẹ̀ jáde, ẹ ó máa gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òpópónà, á máa kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, kò sì ní pe ẹnikẹ́ni wá jẹun. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti padà kan inú pálọ̀, ó parí.

Gbémiga pè lọ́jọ́ Sátidé. Ó béèrè ilé, Ìbídùn ní ilé wà. Ó béèrè Màmá, ó ní kí wọ́n fún un ní fóònù kí òun gbọ́ ohùn ẹ̀. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀, ó dìde, ó lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ń dúró. Ìbídùn ní kí ilẹ̀kùn ṣí. Màmá jáde, ó dúró títí ilẹ̀kùn fi tì mọ́ ọn lẹ́yìn tán, kó tó gbé fóònù sétí, tó ní, "Gbémiga, ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà?"